Don Tello àti Ẹ̀rọ Géèmù Kan Ṣoṣo

Ọdún tí ẹ̀rọ géèmù wọ́n bí imí eégún ni Don Tello lé oníbàárà tó fẹ́ san owó ìlọ́po mẹ́ta jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe pé owó náà kéré lójú rẹ̀. Ohun tó bí i nínú ni pé ọkùnrin náà kò mọ ọjà á ná.

Dókítà Lantigua, oníṣègùn eyín, ni oníbàárà ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí Kérésìmesì dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti búra pé òun kò ní fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọdún bí òun kò bá rí ẹ̀rọ géèmù. Dókítà ti wá a dé Santo Domingo, olú ìlú wa, kò rí. Ọjọ́ tó wá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Don Tello kọjá ní Santiago, ó rí ọ̀kan nínú gíláàsì, wọ́n gbé e ka orí aṣọ funfun oníṣẹ́ ọnà bí ẹni gbé ère Màríà Wúńdíá kalẹ̀. Ó sáré wọlé, kò rántí ti ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Don Tello, ẹ̀rọ yẹn, èló ni?"

"Kì í ṣe títà."

"Màá san ìlọ́po méjì."

Don Tello wò ó, kò fọhùn.

"Ó dáa, ìlọ́po mẹ́ta."

Don Tello yíjú sí Yudelka, obìnrin tó ti ń bá a tajà láti ọdún mọ́kàndínlógún. "Yudelka, ṣé etí mi ló ń dùn ni? Mi ò tíì pe iye kankan, ọkùnrin yìí ń ná ọjà lọ sókè."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbowó ọwọ́ wọn," ni Yudelka wí.

Don Tello dìde lórí àga. "Dókítà, ẹ jáde. Mi ò bínú o. Ẹ kàn jáde, ẹ dúró níta díẹ̀, kí ẹ wá padà wọlé bí ọmọ èèyàn. Tí mo bá pe iye, ẹ ní ó ti wọ́n jù. Ẹ pè mí lólè. Ẹ ṣe bí ẹni ń lọ, kí n pè yín padà. Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

Dókítà jáde lóòótọ́. Ó dúró nínú oòrùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn, tí gbogbo òpópónà Calle del Sol ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó padà wọlé, ó sì fajú ro. "Ẹ kú ọjà o, Don Tello. Èló lẹ̀rọ géèmù yìí, kí n tó bá tèmi lọ?"

"Kì í ṣe títà," ni Don Tello wí, ó sì padà jókòó.

Kí ẹ tó sọ pé orí rẹ̀ dàrú, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá tilẹ̀ dàrú, ó ní bó ṣe dàrú.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹ̀rọ mẹ́fà ni Don Tello béèrè fún lọ́wọ́ ẹni tó ń kó wọn wọ̀lú. Ọ̀kan ló rí gbà. Wọ́n ní márùn-ún tó kù wà nínú kọ̀ńténà, kọ̀ńténà wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí ìlà níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí. Wọ́n tún ní ohun kékeré kan tí kò tó èékánná ni wọ́n máa ń fi sínú ẹ̀rọ náà, òun ló tán láyé. Láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti ń polówó rẹ̀ fún gbogbo ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò gbàgbé ìpolówó. Ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n gbàgbé láti ṣe kó tó.

Ẹni tí kì í tajà lè rò pé ọ̀rọ̀ ìṣeré ọmọdé ni. Yudelka mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ló máa ń ra géèmù mẹ́ta lé e, òun ló ń ra páàdì kejì kí àbúrò má baà sunkún, òun náà ló máa ń wò yíká tó fi máa rántí pé tẹlifíṣọ̀n ilé òun ti kéré jù. Láìsí ẹ̀rọ, gbogbo ọjà yòókù kàn jókòó ni. Oṣù Kejìlá nìkan ló sì ń bọ́ oṣù mọ́kànlá tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Don Tello ti sọ fún un pé bí ọdún yìí kò bá dáa, òun máa ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn ọdún Ọba Mẹ́ta oṣù Kìíní, òun á lọ máa ta dómínò pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́ òun. Don Tello lè lọ ta dómínò. Yudelka jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, òun ló ń tọ́ ọmọ méjì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé sì nìyí. Tí ẹnìkan bá wá gbé owó ìlọ́po mẹ́ta wọlé, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó lọ dúró sínú oòrùn, ẹ ò lè bá a wí bó bá wù ú láti fi fáànù orí káńtà lu ọ̀gá náà.

Doña Clementina ló fa gbogbo rẹ̀. Ìdí yaniqueque ló ń jókòó sí ní igun òpópónà, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n dín títí tó fi ń ró kaka lẹ́nu. Òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yarisel, ni wọ́n jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé páànù kan tó ń jò. Yarisel ti kọ lẹ́tà sí àwọn Ọba Mẹ́ta, àwọn amòye tó wá kí Jésù ìkókó, tí wọ́n ń gbé ẹ̀bùn wá fún àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, pé ẹ̀rọ géèmù lòun fẹ́. Kò fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn nínú lẹ́tà náà. Clementina ti ń tọ́jú owó láti ọdún Àjíǹde, nígbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn sì dé, ó sọdá títì wá ná an.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ná an.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Don Tello jẹ́ nídìí ìnájà kí ẹ tó mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́. Wọ́n ní ojú boro kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Don Tello kò ní ojú boro rárá. Nígbà kan tí Dókítà Lantigua yìí kan náà fẹ́ yọ eyín rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, irin wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń na ìka mẹ́jọ sókè: ẹgbẹ̀rin pẹ́sò. Dókítà ní ẹgbẹ̀rún. Ó tún na ìka mẹ́jọ. Dókítà bínú, ó ní òun ò yọ ọ́ mọ́, ó fẹ́ kó irin rẹ̀. Don Tello deyín mọ́ irin náà, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi gbà sí ìka mẹ́jọ àti ààbọ̀ ìka kan. Ọjọ́ yẹn ni dókítà pinnu pé bí ọ̀rọ̀ owó bá tún pa òun àti ọkùnrin yìí pọ̀, òun kàn máa sanwó ni. Ẹ rí i pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ìdákẹ́ ni ohun ìjà Don Tello tó burú jù. Bí ẹ bá ti pe iye yín, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, á tẹjú mọ́ ibì kan lókè èjìká yín, kò sì ní mira. Ara yín á bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gé owó yín kù, ẹ ó tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ìdákẹ́ ra mọ́tò, ó ti fi ra ilẹ̀. Àwọn kan ní òun náà ló fi fẹ́yàwó: bàbá ọmọ ló bi í léèrè ìgbà tó máa wá iṣẹ́ gidi ṣe, Don Tello dákẹ́, ó tẹjú mọ́ èjìká bàbá, ni bàbá bá fún un ní ọmọ, ó tún fi ṣọ́ọ̀bù lé e.

Ti ènì ńkọ́? Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rajà gbọ́dọ̀ gba ènì, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ ló rà. Don Tello gbà pé òfin ni, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó sọ bí ènì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ẹni tó bá ra tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọdún, èso àjàrà kan ni ènì rẹ̀. Kan ṣoṣo ni mo wí. Obìnrin kan ra fìríìjì, ó kọ àjàrà, ó sì ń pariwo. Don Tello fún un ní kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ó ní Mọ́ńdè ṣì ni Mọ́ńdè.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Clementina wá bá. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá láti igun òpópónà, ó fi sí iwájú káńtà, ó gbé abọ́ lé itan, ó sì ń ṣẹ́ òtílí sínú rẹ̀. Bí Don Tello bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Ìró òtílí nìkan lèèyàn ń gbọ́. Yudelka lọ jẹun ọ̀sán, ó padà dé, wọn ò tíì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Don Tello fúnra rẹ̀ gé owó tirẹ̀ kù, ó sọ̀ ọ́ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pẹ́sò. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Clementina máa wá sanwó, á sì gbé ẹ̀rọ náà, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Ọba Mẹ́ta, kí Yarisel má baà rí i nílé. Nígbà tó lọ tán, Don Tello jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Yudelka," ló wí, "obìnrin yẹn mọ ọjà á ná."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíràn rí.

Kò pé oṣù kan sí i tí ọ̀wọ́n ẹ̀rọ dé. Wilkin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta fóònù ní òdìkejì títì, rí mẹ́rin kó. Ó tà wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ra ṣéènì góòlù sọ́rùn, ó sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Don Tello.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ṣì wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tà á. Ṣé ẹ ń dúró kí ó pa ọmọ ni?"

"Ti Doña Clementina ni. A ti ná an."

"Ẹni tí kò tíì san pẹ́sò kan?"

"Ọjà tí a ti ná ni ọjà tí a ti tà. Owó kàn máa ń rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni."

Wilkin rẹ́rìn-ín títí ṣéènì fi ń mì lọ́rùn rẹ̀. Yudelka kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku òun àti ọ̀gá rẹ̀ nìkan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tà á, kí ẹ fi èrè rẹ̀ ṣe ọdún fún Doña Clementina. Á yé wọn. Tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe?"

"Ẹyin lohùn, Yudelka. Bó bá bọ́, ta ló fẹ́ kó o?"

Bó bá jẹ́ pé àánú ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá dùn gbọ́ nínú ìwàásù. Àánú kọ́. Ìgbéraga pọ́ńbélé ni. Bó bá ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn, a jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kò ṣẹlẹ̀, ìjà tó dùn jù tó jà láyé rẹ̀ á sì di asán. Ó gbé e sínú gíláàsì lórí aṣọ funfun kí gbogbo ayé lè rí ohun tí òun kò ní tà.

Gbogbo ayé sì rí i. Ìròyìn tàn ká pé ẹ̀rọ kan wà ní Calle del Sol tí bàbá kan kọ̀ láti tà. Ìyá wá, bàbá wá, ẹ̀gbọ́n tó ń gbé New York tó wálé ọdún wá. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé ohun kan kò ṣeé rà, ó ti gbà pé òun nìkan ni wọ́n máa tà á fún. Wọ́n bẹ̀, wọ́n halẹ̀, wọ́n mẹ́nu ba orúkọ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ló ń ná ọjà sókè, ìyẹn sì ń dun Don Tello wọra. "Ọ̀wọ́n ti ba àwọn èèyàn yìí jẹ́," ló máa ń wí. "Wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn lólè."

Bó ti wù kó rí, kò lè fara mọ́ ọn kí èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù òun kí ó má ná nǹkan kan. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀rọ rà, á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa, fáànù yìí ńkọ́? Ẹ ò bá ná fáànù."

"Don Tello, mi ò nílò fáànù."

"Mi ò ní kí ẹ nílò rẹ̀. Mo ní kí ẹ ná an."

Wọ́n á ná an láti fi tu ara wọn nínú. Ojú ń tì wọ́n láti padà sílé lọ́wọ́ òfo, inú sì ń bí wọn. Ẹni tí inú bá ń bí ló máa ń nájà dáadáa. Wọ́n ra fáànù, wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ra redíò, wọ́n ra páàdì fún ẹ̀rọ tí wọn ò ní. Ọkùnrin kan ra àdìrò iná mànàmáná mẹ́ta torí kò gbà kí Don Tello borí òun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún wọlé, Yudelka wo pẹpẹ, ó rí i pé ó ti ṣófo. Ó wo òdìkejì títì, Wilkin jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣéènì, kò sí eṣinṣin kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó tà ti lọ, àwọn èèyàn sì bá wọn lọ. Ẹ̀rọ kan tí Don Tello kò tà ló ń bá a tajà.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé báyìí ló máa rí?"

"Kí lo rò?" ni Don Tello wí.

Kò mọ̀. Mo fi dá yín lójú pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í pé ète òun láti oṣù Kẹwàá nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní dé. Àwọn ọmọdé ń já koríko káàkiri àdúgbò, èyí tí wọ́n máa fi sábẹ́ ibùsùn fún àwọn ràkúnmí Ọba Mẹ́ta. Clementina wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ apá, ó di owó sínú àpò ìyẹ̀fun. Bó ṣe ń jókòó ni Dókítà Lantigua já wọlé. Ó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé.

"Ẹ kú ọ̀sán, Don Tello. Olè ni yín. Ó ti wọ́n jù. Mo ń lọ."

Inú Don Tello dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. "Ẹ káre, dókítà. Ó ti ń yé yín. Ó kàn jẹ́ pé ẹ pẹ́ dé ni. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti jókòó yìí."

Dókítà yíjú sí Clementina, ẹ̀kọ́ tó kọ́ fò lọ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ṣàánú mi, ìlọ́po mẹ́ta ni mo fẹ́ san."

"Ìlọ́po mẹ́ta kí ni?" ni Clementina bi í. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un. Ẹni tó ń dín yaniqueque láti òwúrọ̀ kì í mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún un, ó yíjú sí Don Tello. "Don Tello, ṣé lóòótọ́ ni pé tèmi lẹ̀rọ yìí?"

"Tiyín ni. Odindi oṣù kan ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ìlú."

"Tí mo bá san owó yín tán, mo lè ṣe é bó ṣe wù mí?"

"Bó ṣe wù yín."

Clementina tú àpò ìyẹ̀fun sórí káńtà. Ó yí àpótí rẹ̀ padà kó lè kojú sí oníṣègùn eyín. "Dókítà," ló wí, "ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún."

Ẹnu Don Tello là sílẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. "Doña Clementina! Ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ̀ ńkọ́?"

"Don Tello, òrùlé mi ń jò sórí ibùsùn tí ọmọ náà fẹ́ jókòó lé ta géèmù. Àwọn Ọba Mẹ́ta ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ìyá Arúgbó Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ìyá Arúgbó Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni àwọn tálákà ìlú wa fi ń tu ọmọ wọn nínú. Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ọdún Ọba Mẹ́ta ló máa ń dé, á gbé ohun tó bá kù wá fún àwọn ọmọ tí àwọn Ọba gbàgbé ilé wọn. Mi ò tíì gbọ́ rí pé àwọn Ọba náà gbàgbé ilé dókítà.

Odindi oṣù kan ni Don Tello ti fi gba èébú lórí ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó ní òun á bá a fẹ́ ojú ló wá fi ata sẹ́nu yìí. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò ráyè bínú, torí pé ìnájà ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní olè ni ìyá náà. Clementina ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní òun ń lọ, ó jáde dé ojú títì. Kò sẹ́ni tó pè é, ó padà wọlé. Ó pe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Clementina bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára àpò. Ni dókítà bá ṣe ohun tó ti rí Don Tello ṣe: ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó tẹjú mọ́ èjìká Clementina, ó dákẹ́. Yudelka di ẹnu rẹ̀ mú kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ìdákẹ́ kẹ̀, sí obìnrin yìí kẹ̀. Clementina fi orí ti ògiri, ó dijú, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ sùn. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún ni dókítà san nígbẹ̀yìn, ó sì gbé ẹ̀rọ lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tí wọ́n jà lólè dáadáa.

Omi lé sójú Don Tello. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Inú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ ti tajà," ló wí. "Ènì mi dà?"

Clementina yọ yaniqueque méjì nínú bébà, ó kó wọn fún un. Ó jẹ méjèèjì, kò fún Yudelka níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kọ̀ńténà gúnlẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù kún ìlú, wọ́n ń tò ó sẹ́nu ọ̀nà bí àpótí ọṣẹ. Àwọn tó ti ra tiwọn ní ìlọ́po mẹ́ta kò fẹ́ gba Calle del Sol kọjá mọ́. Clementina tún gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dé.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí a ṣe ná an," ni Don Tello wí kó tó jókòó.

"Èyí tí a ná yẹn ti lọ sílé dókítà. Èyí, a ò tíì ná an. Ó sì ti pọ̀ báyìí."

Wọ́n ná an láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn wọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún. Don Tello pàdánù lókè, ó pàdánù nísàlẹ̀, kò sì tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n di ẹ̀rọ tán, Clementina na ọwọ́.

"Ènì ńkọ́?"

Don Tello wá àjàrà kiri. Àjàrà ti tán pẹ̀lú ọdún. Ó dúró, ó wo ọwọ́ tó nà sílẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpá òróró gbígbóná. Ó ki ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú páàdì tuntun kan lórí pẹpẹ, ó jù ú sínú àpò obìnrin náà, ó sì ń wo ibòmíràn.

"Ọmọ náà ò lè máa dá ta á nìkan," ló wí.

Ó sọ fún Yudelka pé bó bá sọ ọ́ níta, òun á sẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Yudelka ti sọ ọ́ fún gbogbo òpópónà, ó sì sẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Arúgbó Bẹ́tílẹ́hẹ́mù dé sábẹ́ òrùlé páànù tuntun. Don Tello kò sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Don Tello kú, ní oṣù Kẹwàá, lórí àga rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Moncho, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta píà, ló wà níbẹ̀. Agbọ̀n píà kan ni Don Tello ń ná. Moncho pe ẹgbẹ̀rin pẹ́sò. Don Tello gbé ọwọ́ lé ikùn, ó tẹjú mọ́ èjìká rẹ̀, ó dákẹ́.

Moncho mọ iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó fara dà á fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní ó dáa, ẹgbẹ̀ta. Don Tello kò mira. Irínwó, torí pé ẹ̀yin ni. Kò mira. Òógùn bo Moncho. Ó ní igba, ó ní ọgọ́rùn-ún, ó wá fi fìlà na ilẹ̀. "Don Tello, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀." Ìgbà yẹn ló tó fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Yudelka sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bí èèyàn tilẹ̀ ń sunkún, á máa ríran. Láàárín ẹkún náà ló gbé orí sókè, ó wo Moncho. "Èló lẹ kẹ́yìn sí?"

"Ọ̀fẹ́ ni mo kẹ́yìn sí."

"Ó gbọ́ ọ?"

"Yudelka, mi ò mọ̀."

"Ó gbọ́ ọ," ni Yudelka wí, ẹ̀rín àti ẹkún sì gbé ara wọn ṣubú lọ́fun rẹ̀.

Ìyàwó Don Tello ti kú tipẹ́, kò sì bímọ. Yudelka ni ìwé ìhágún Don Tello fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́, pẹ̀lú àṣẹ kan pé kò gbọ́dọ̀ lẹ iye mọ́ ọjà kankan lára. Òun náà ló gba àwọn èèyàn lálejò nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún òkú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, bí àṣà wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án géérégé, bí ìgbà tí wọ́n ń ná ẹ̀rọ. Dókítà Lantigua wá, ó sì pe òkú náà lólè lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú omi lójú. Clementina wá pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀ àti Yarisel, tó ti ga ju ìyá rẹ̀ àgbà lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Moncho yọ pẹ̀lú agbọ̀n píà náà lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ tí wọ́n gbé àwòrán Don Tello lé. "Tiwọn ni," ló wí. "A ti ná an. Ọjà tí a ti ná ni ọjà tí a ti tà."

Láti ìsàlẹ̀ ògiri ni ohùn Clementina ti wá, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́.

"Ènì wọn ńkọ́?"

Moncho sáré jáde síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wá èyí tó tóbi jù mú wálé. Wọ́n pín píà agbọ̀n náà fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ènì yẹn, Yudelka kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wá aṣọ funfun oníṣẹ́ ọnà yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ sínú gíláàsì, ó gbé píà náà lé e. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wọlé wò ó títí, ó ní èló ni.

"Kì í ṣe títà," ni Yudelka wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. "Ṣùgbọ́n ẹ jókòó. Ẹ ò bá ná fáànù."